Ilé oúnjẹ àwọn ará Japan ṣí ní àdúgbò wa: kí la lè jẹ níbẹ̀, kí la gbọ́dọ̀ yẹra fún?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé oúnjẹ àwọn ará Japan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní àdúgbò wa níbí ní Adó-Èkìtì, ọkọ mi sì fẹ́ gbé wa lọ síbẹ̀ fún ayẹyẹ ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wa. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi, ọmọ wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá ọkọ mi tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì ní àwọn náà ń bá wa lọ. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹja tí wọn ò sè ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kò séwu, pé ata aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ máa ń pa kòkòrò inú rẹ̀. Ọkọ mi ní bó bá ti wọ fírísà, ó parí. Ṣé ká lọ? Kí ni kí oníkálukú wa jẹ? Báwo la sì ṣe fẹ́ fi igi méjì jẹun láìdójú ti ara wa?”

Ẹ lọ. Ìdáhùn kúkúrú nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹja tí wọn kò sè títí ẹ ó fi bímọ, bó ti wù kí ilé oúnjẹ náà mọ́ tó. Màmá lè jẹun dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni kí a máa ṣọ́ fún wọn ju ẹja lọ. Ọmọ yín ló ṣeé ṣe kó gbádùn rẹ̀ jù gbogbo yín lọ. Ti ọkọ yín ló gba àlàyé gígùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ fírísà tí wọ́n sọ yẹn, ìdajì rẹ̀ tọ̀nà. Ìdajì tó kù ló máa ń kó èèyàn sí wàhálà nílùú tí iná kì í dúró. Ti ọ̀rẹ́ yín kò tọ̀nà rárá, a ó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ sushi palẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù yín ti bẹ̀rẹ̀. Sushi kì í ṣe orúkọ ẹja tí a kò sè. Ìrẹsì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: ìrẹsì tí a sè, tí a wá po fínígà, ṣúgà àti iyọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n gbé lé e lórí tàbí tí wọ́n ká sí i láàárín lè jẹ́ ẹja tí iná kò kàn, ó sì lè jẹ́ edé tí a bọ̀, ẹyin díndín, kùkúmbà tàbí píà. Ẹja tí wọ́n gé pẹlẹbẹ láìsí ìrẹsì lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì sábà máa ń jẹ láìsè, sashimi ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá rí nigiri nínú ìwé oúnjẹ, ìrẹsì tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ṣù ni, tí nǹkan wà lórí rẹ̀. Maki ni èyí tí wọ́n fi nori ká, ìyẹn ewéko òkun tí wọ́n sá gbẹ pẹlẹbẹ bí ìwé. Wọ́n á wá gé e sí wẹ́wẹ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ 6 tàbí 8 nínú àwo kan. Ebi nínú nigiri sábà máa ń jẹ́ edé bíbọ̀, ama-ebi sì ni edé tí a kò sè. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló yà wọ́n, ẹ lajú dáadáa kí ẹ tó pè é. Tamago, ẹyin ni. Unagi, ẹja gígùn tó jọ ejò ni, wọn kì í sì í gbé e wá láìsun. “Akàn” inú California roll, ìyẹn maki kan tó ní akàn àti píà nínú, kì í sábà jẹ́ akàn gidi. Ẹja funfun ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi adùn akàn sí, tí wọ́n sì ti sè kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ Japan, iná ló ń sè é. Ramen, udon àti soba wà níbẹ̀, oríṣi núdù mẹ́ta nínú omi ọbẹ̀ gbígbóná. Tempura wà, ìyẹn edé tàbí ẹ̀fọ́ tí wọ́n rì bọ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi omi tútù pò, tí wọ́n wá dín nínú òróró tó gbóná tó 170°C sí 180°C. Katsu ni ẹran tí wọ́n fi ẹ̀rún búrẹ́dì bò kí wọ́n tó dín in. Yakitori ni adìẹ tí wọ́n gún mọ́ igi tí wọ́n sì sun lórí ẹyín iná. Donburi ni abọ́ ìrẹsì tí ẹran tàbí ẹyin wà lórí rẹ̀. Ní Japan fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àdúgbò ló máa ń di ohun kan ṣoṣo mú: ẹni tó ń ta ramen, ramen ló ń tà. Lẹ́yìn odi ni wọ́n ti sábà máa ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé kan. Èmi kì í fọkàn tán ìwé oúnjẹ tó ní oríṣi sushi ogójì nílùú tí àwọn tó ń jẹ ẹja àìsè kò tíì pọ̀. Ẹja mélòó ló máa wà nínú fíríìjì kí ogójì yẹn tó pé, ta ló sì ń jẹ ẹ́ tán lójoojúmọ́? Ilé oúnjẹ tó ní oríṣi mẹ́wàá péré, tó sì sọ fún yín pé èyí ti tán lónìí, ìyẹn ló wù mí jù.

Bí ẹ bá pe sushi, ẹ yẹ ìrẹsì wò kí ẹ tó yẹ ohun orí rẹ̀ wò. Ìrẹsì tí à ń sè nílé, yálà ti Ìgbẹ̀mọ-Èkìtì tàbí ti òkè òkun, a fẹ́ kó dá dúró lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìrẹsì sushi kúrú, ó sanra, ó sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ra. Bí alásè bá fi ìrẹsì gígùn ṣe é, yóò máa já lulẹ̀ lọ́wọ́ yín, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹ fẹ́ ta sí i. Fún ìrẹsì gbígbẹ ife 2, fínígà tó nǹkan bí ṣíbí ọbẹ̀ 4 ló ń gbà, pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí 2 àti iyọ̀ ṣíbí tíì 1. Wọ́n ń pò ó nígbà tó bá ṣì gbóná, wọ́n á sì máa fẹ́ ẹ títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn. Fínígà yẹn kì í ṣe fún adùn nìkan. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Sísè kì í pa irúgbìn rẹ̀ tán nínú ìrẹsì, bí ìrẹsì bá sì wà nílẹ̀ fún wákàtí gígùn, yóò pọ̀ sí i, yóò sì tú èròjà tó ń fa èébì jáde. Bí ìrẹsì bá kan tó bẹ́ẹ̀ tí pH rẹ̀ kò fi tó 4.6 (pH ni ìwọ̀n kíkan: bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó), kòkòrò náà kì í lè dàgbà dáadáa, ìdí nìyẹn tí ìrẹsì sushi fi lè wà níta fún ìgbà díẹ̀ láìbàjẹ́. Nítorí náà, ìrẹsì tó bá le, tó sì tutù nini lẹ́nu, inú fíríìjì ni wọ́n gbé e sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti àná. Ìrẹsì tí ẹ kò bá gbọ́ kíkan díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rárá, alásè ti fo nǹkan kan tó ṣe pàtàkì. Nori náà ń sọ̀rọ̀: bí ó bá rún lábẹ́ eyín, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a ni, bí ó bá ń nà bíi rọ́bà, ó ti pẹ́ lórí káńtà.

Ó wá ku ẹja. Ewu mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ẹja tí a kò sè, àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Èkíní ni aràn. Anisakis ni èyí tí wọ́n ń dárúkọ jù, inú ẹja òkun ló ń gbé. Ìlànà FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ni pé kí ẹja tí a fẹ́ jẹ láìsè wà ní -20°C fún ọjọ́ 7, tàbí kí wọ́n mú un gan ní -35°C, kó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 15. Aràn kì í la ìyẹn já. Ibi tí ọkọ yín ti tọ̀nà nìyẹn. Ewu kejì ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fírísà kì í pa àwọn yẹn. Ó kàn ń mú wọn sùn ni. Bí yìnyín bá ti yọ́, wọ́n jí nìyẹn, wọ́n á sì máa bí sí i láti ibi tí wọ́n bá a dé. Ewu kẹta ni májèlé tí ẹran ẹja fúnra rẹ̀ ń di nígbà tí òtútù bá fi í sílẹ̀. Histamine lorúkọ rẹ̀, inú tuna àti ẹja Títù ló ti wọ́pọ̀ jù. Bí ó bá ti wà nínú ẹja, fírísà kò ní yọ ọ́, sísè kò ní yọ ọ́, díndín kò ní yọ ọ́. Ẹ̀yin tó ń ra Títù ní Ọjà Ọba, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí: ẹja tó ti yọ́ lórí tábìlì láti òwúrọ̀, tí wọ́n tún dá padà sínú fírísà nírọ̀lẹ́, lè mú kí ara èèyàn yún kí orí rẹ̀ sì fọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọbẹ̀ rẹ̀ hó kanlẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ọkọ yín bi wọn ni pé láti ọjọ́ tí ẹja yìí ti kúrò nínú omi, ṣé òtútù fi í sílẹ̀ rí? Èkìtì kò ní etíkun. Ẹja òkun tó bá dé Adó, fírísà ló wà láti òkè òkun tàbí láti Èkó, ó gba ojú ọ̀nà ọ̀pọ̀ wákàtí wọlé, bóyá ó gba Iléṣà àti Arámọkọ tàbí ó gba Àkúrẹ́ àti Ìkẹ́rẹ́, ó sì lè jẹ́ nínú kúlà oníyìnyín lásán ni wọ́n gbé e sí. Pé ó wá láti ọ̀nà jíjìn kò burú. Ọ̀pọ̀ ẹja sushi káàkiri ayé ló ti wọ fírísà rí, àwọn ará Japan pàápàá ń jẹ tuna tí wọ́n mú gan lórí ọkọ̀ ojú omi. Ibi tí ó bá ti yọ́ tó tún gan ni ìṣòro. Ọ̀rọ̀ iná náà sì wà níbẹ̀. Bí fírísà bá kún dáadáa tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i, ó lè di òtútù rẹ̀ mú fún nǹkan bíi wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Bó bá kún dé ìdajì, wákàtí 24. Fíríìjì tí a kò ṣí, wákàtí 4 péré ni. Fírísà ilé oúnjẹ, ta ni kì í ṣí i? Fírísà ilé lásán sì sábà máa ń wà ní -18°C tàbí kó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tó fún iṣẹ́ aràn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ọkọ yín fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ wọn. Irú ẹja wo ni, ibo ló sì ti wá? Ibo ni ẹ ti ń yọ yìnyín rẹ̀? Bí iná bá lọ lóru, kí ló ń gbé fírísà? Ìdáhùn rere fún ti kejì ni pé inú fíríìjì ni, ní 4°C tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, láti alẹ́ mọ́jú. Bí wọ́n bá sọ pé inú abọ́ omi lórí káńtà ni, kó jẹ tempura. Ìdáhùn rere fún ẹ̀kẹta ni jẹnẹrétọ̀ tó ń tan fúnra rẹ̀ tàbí ínfátà àti bátìrì sólà tó tó fírísà gbé, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n òtútù sí láàárọ̀ àti lálẹ́. Ilé oúnjẹ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Èmi kò lè jókòó síbí kí n sọ bí fírísà tiwọn ṣe rí, ìdáhùn wọn àti ojú tí wọ́n bá fi dáhùn ló máa sọ fún un. Ẹja orí àwo náà kì í purọ́ púpọ̀: kò gbọdọ̀ rùn ju bí òkun ṣe ń rùn lọ, etí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣú, omi kò sì gbọdọ̀ dárogún sábẹ́ rẹ̀. Ojú lásán kò tó fún tuna, nítorí pé àwọn kan ń fi afẹ́fẹ́ carbon monoxide kùn ún, tó fi máa pupa rẹ́súrẹ́sú bó tilẹ̀ ti gbó. Wọ́n fòfin de ìyẹn ní Japan àti nílẹ̀ Yúróòpù, àmọ́ kì í ṣe níbi gbogbo. Tuna tó bá pupa bí súwíìtì, tó sì ta ẹnu bí ata díẹ̀, kó tu ú dànù. Bó bá sì gbọ́ pé ẹja àrọ̀ tàbí ẹ̀pìyà inú odò wa ni wọ́n gé láìsè, pé “ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú báyìí ni”, kó dìde. Ẹja inú odò ní aràn tirẹ̀, àwọn alásè sushi tó mọṣẹ́ kì í sì í fi í ṣe sashimi, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀tun tó.

Ọ̀rọ̀ ata aláwọ̀ ewé tí ọ̀rẹ́ yín sọ ńkọ́? Wasabi ni wọ́n ń pè é. Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, kì í tilẹ̀ ṣe wasabi gidi, torí pé ọ̀wọ́n gógó ni ìyẹn. Gbòǹgbò horseradish ni wọ́n lọ̀ mọ́ mọ́sítádì, tí wọ́n pa láró. Ó máa ń gba imú lọ sórí ju kó jó ahọ́n lọ. Kò lè pa aràn inú ẹja láàárín ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń jẹ ẹ́. Fínígà kò lè pa á: Anisakis máa ń wà láàyè nínú Títù tí wọ́n rẹ sínú fínígà. Ọtí kò lè pa á, ata rodo náà kò lè pa á. Iná tàbí fírísà tó tutù tó, fún ìgbà tó tó, ló ń pa á.

Ẹ̀yin wá ńkọ́? Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má fẹnu kàn án ni kòkòrò Listeria. Àwọn aboyún wà lára àwọn tó ń tètè mú, ó lè dé ara ọmọ inú, ó sì ń dàgbà nínú fíríìjì níbi tí àwọn yòókù ti ń fà sẹ́yìn. Nítorí náà, kò sí ìdáhùn tí ilé oúnjẹ lè fún yín tó máa yí èyí padà. Ẹ yẹra fún sashimi, nigiri ẹja àìsè, ẹja salmon tí wọ́n kàn fi èéfín tútù kàn, ẹyin ẹja kéékèèké tí wọ́n ń wọ́n sórí maki, àti ẹyin adìẹ tí kò jiná; àwọn kan ń fọ́ ẹyin tútù sórí donburi, ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Tuna olójú ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní bigeye, ẹ fi sílẹ̀ bó tilẹ̀ jiná, nítorí májèlé mercury tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó kù fún yín pọ̀: udon gbígbóná, tempura edé, adìẹ teriyaki (èyí tí wọ́n fi ọbẹ̀ dúdú aládùn kùn tí wọ́n sì sun), salmon sísun tó jiná dé àárín, California roll tí wọn kò wọ́n ẹyin ẹja sí. Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: ọ̀bẹ àti pákó. Bí alásè bá fi ọ̀bẹ tó gé ẹja àìsè gé maki kùkúmbà yín, kí lẹ yẹra fún? Ẹ ní kí wọ́n fọ ọ̀bẹ, kí wọ́n sì lo pákó mìíràn. Bí ibà bá mú yín láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe kàn pè é ní ibà ẹ̀fọn. Ẹ lọ síbi tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú oyún, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ jẹ.

Màmá. Ṣíbí ọbẹ̀ kan ṣoṣo soy sauce, omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà àti àlìkámà ṣe, ní sodium, èròjà inú iyọ̀, tó nǹkan bíi mílígíráàmù 900. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ tó 2,000 lóòjọ́. Abọ́ ramen kan pẹ̀lú gbogbo omi rẹ̀ lè tó ti ọjọ́ kan tàbí kó jù ú lọ. Inú omi ọbẹ̀ ni iyọ̀ yẹn wà jù, nítorí náà bí wọ́n bá fẹ́ jẹ núdù, kí wọ́n jẹ ẹ́ kí wọ́n fi omi sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bínú. Ọbẹ̀ miso, tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà kíkan sè, náà níyọ̀, abọ́ kékeré kan ti tó. Èyí tó dáa jù fún wọn, lójú tèmi, ni yakitori oníyọ̀ díẹ̀ tàbí ẹja sísun pẹ̀lú ìrẹsì funfun àti ẹ̀fọ́, kí soy sauce wà nínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n máa fi etí oúnjẹ kàn án. Bí ilé oúnjẹ bá ní oríṣi tí wọ́n dín iyọ̀ rẹ̀ kù, ẹ béèrè rẹ̀, àmọ́ iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún múra sílẹ̀ pé màmá á ní oúnjẹ náà “kò láta”. Òótọ́ ni. Adùn tí wọ́n ń wá yàtọ̀: omi ọbẹ̀ wọn, dashi, láti inú ewéko òkun kombu àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n fá wẹ́wẹ́ ló ti ń wá. Inú kombu yẹn ni ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda ti yọ adùn glutamate jáde ní 1908, òun náà ló di Ajinomoto tí ìyá wọn ti ń wọ́n sínú ọbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ó bá ṣòro, ẹ béèrè shichimi, ata lílọ̀ tí wọ́n po mọ́ nǹkan mẹ́fà mìíràn. A máa ń wọ́n ọn sórí udon.

Ọmọ yín, ẹ fún un ní katsu adìẹ pẹ̀lú kọ́rì. Kọ́rì Japan nípọn, ó dùn díẹ̀, ata rẹ̀ kéré, ọmọdé kì í kọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ pé edé tàbí akàn máa ń mú ara rẹ̀ wú, ẹ béèrè bóyá òróró kan náà ni wọ́n fi ń dín edé àti adìẹ, nítorí pé ìyẹn nìkan ti tó. Bí wọ́n bá gbé mochi wá ní ìparí oúnjẹ, ẹ ṣọ́ra fún òun àti màmá. Nínú odó ni wọ́n ń gún un, ìrẹsì olójé ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì jọ iyán lójú. Ọmọ Èkìtì tó bá rí i, ọ̀fun rẹ̀ á fẹ́ gbé e mì bí òkèlè. Ẹ má gbà. Mochi kì í yọ̀ bí iyán, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, àwọn arúgbó sì máa ń tipa rẹ̀ kú ní Japan nígbà ọdún tuntun. Ẹ gé e kéékèèké bí ìka ọmọdé, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ lẹ́nu dáadáa.

Ní ti igi méjì yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti igi àkọ́kọ́ bọ àárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sinmi lórí ìka tó tẹ̀ lé ọmọńdinrín. Èyí kì í mira. Ẹ fi àtàǹpàkò, ìlábẹ̀ àti ìka àárín di ìkejì mú bí ẹni di bírò mú, òun ni kí ẹ máa gbé sókè sódò. Ẹ dì wọ́n mú sí ọ̀nà òkè, kí ẹnu àwọn igi náà sì dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, wọ́n á máa kọjá lórí ara wọn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bínú jù wọ́n sílẹ̀. Ìtìjú kò sí nínú pípe ṣíbí. Nigiri àti maki, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ará Japan pàápàá fi ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé aṣọ ìnuwọ́ tútù tàbí gbígbóná wá kí oúnjẹ tó dé. Nǹkan méjì péré ni kí ẹ má ṣe: ẹ má fi igi náà gún ìrẹsì lóròó, ẹ má sì fi igi gba ẹran lẹ́nu igi ẹlòmíràn, nítorí ètò ìsìnkú wọn ni méjèèjì jẹ mọ́. Ẹ dojú nigiri dé, kí ẹja tàbí ẹyin orí rẹ̀ ló kan soy sauce, kì í ṣe ìrẹsì. Ìrẹsì á mu iyọ̀ ju bó ti yẹ lọ, á sì fọ́ sínú àwo. Jínjà aláwọ̀ osùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe ẹ̀fọ́ tí à ń kó lé sushi lórí, àárín oríṣi kan sí èkejì ni wọ́n ti ń jẹ díẹ̀ kí adùn àkọ́kọ́ kúrò lẹ́nu. Bí núdù bá ń pariwo lẹ́nu màmá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní Japan nìyẹn.

Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, tàbí ìjọ yín kò fọwọ́ sí ọtí, ẹ béèrè nípa mirin àti sake: ọtí ni méjèèjì, ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ teriyaki sì ní wọn nínú, kì í sì í fẹ́ lọ tán lórí iná. Tonkatsu, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Omi ramen funfun tó nípọn, eegun ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Ní ti owó, ohun tó wọ̀lú láti òkè òkun ló ń wọ́n: nori, ìrẹsì kúkúrú, salmon. Oúnjẹ gbígbóná ló sì máa ń yó èèyàn. Fún ẹ̀yin mẹ́rin, udon méjì, katsu kọ́rì kan, àwo yakitori kan, tempura kan àti California roll kan láàárín tábìlì ti tó. Kí ọkọ yín fi nigiri méjì dán an wò bí ìdáhùn wọn bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sashimi ńlá ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bó bá jẹ tuna tàbí Títù tí ojú rẹ̀ sì gbóná, tí ara ń yún un, tí orí ń fọ́ láàárín wákàtí kan, histamine ló jọ, kó lọ sílé ìwòsàn, pàápàá bí èémí bá ń ṣòro. Bí inú bá ń gún un gan-an láàárín wákàtí 12 lẹ́yìn ẹja àìsè, kó sọ fún dókítà pé ẹja àìsè lòun jẹ, kí wọ́n má baà máa tọ́jú ọgbẹ́ inú. Wọ́n lè fi kámẹ́rà oníwáyà wo ikùn, kí wọ́n sì yọ aràn náà jáde.

Ẹ má gbé sushi tó bá ṣẹ́ kù lọ sílé. Nínú oòrùn Adó, láàárín ilé oúnjẹ sí ilé yín, nori ti rọ̀, ẹja sì ti kúrò nínú òtútù. Nínú fíríìjì, ìrẹsì á gan bí òkúta. Tempura tó bá wà nínú ike tí wọ́n dé pa, ooru rẹ̀ á mú kó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Kọ́rì nìkan ló ṣeé dì lọ, kí ẹ tètè gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì gbé e kaná títí yóò fi hó kí ẹ tó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.